Èbù Iṣu Tí Ikán Jẹ

Ẹni tó bá rí mi lórí ọ̀kadà tí ọ́fíìsì fún mi, tí bàtà róbà mi ga dé orúnkún, tí fáìlì wà ní abíyá mi, á rò pé mo mọ nǹkan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ará ágíríkì ni wọ́n ń pè wá ní àwọn abúlé tó yí Ẹ̀jìgbò ká. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lọ láti Masifa títí dé ọ̀nà Ola, kí n máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn kéré bí wọ́n ṣe lè rí oúnjẹ kó wálé nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀.

Òjò sì ń kọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, èkejì kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Nísinsìnyí, àkọ́rọ̀ á rọ̀, gbogbo ènìyàn á gbé ọkọ́ jáde, ló bá tán nìyẹn. Oòrùn á wá máa yan ilẹ̀ bí ẹni yan ẹ̀pà. Àwọn tó ń gbin iṣu ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń ri èbù mọ́lẹ̀, kí òjò tó dé. Bí òjò bá pẹ́, ooru á se èbù náà nínú ebè.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún wa ní ìwé ìlànà nìyẹn. Ìwé náà ní kí àgbẹ̀ fi koríko gbígbẹ àti pòròpòrò àgbàdo bo ebè láti orí dé ẹsẹ̀, kó nípọn dáadáa, kí oòrùn má rí ilẹ̀ gbá mú. Àwọn àgbẹ̀ wa ti máa ń fi ewé díẹ̀ dé orí ebè láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n èyí ju ìyẹn lọ. Ètò náà dáa. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn tó ṣe é nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò rí iṣu wà lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní abúlé kan lọ́nà Ola, obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ tí mò ń kọ́. Àbìjàn ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀jìgbò. Ibẹ̀ ló ti ń ta aṣọ kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó padà wálé wá dáko. Ọkọ kú, ó fi oko kan sílẹ̀ fún un lórí òkè, pẹ̀lú irú iṣu kan tó jẹ́ pé ọwọ́ ọkọ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo àdúgbò. Ọdọọdún ni ìyá yìí ń ya èbù sọ́tọ̀ nínú iṣu náà kó tó jẹ èyíkéyìí. Bí ebi ń pa á, kò ní fọwọ́ kàn án. Bó bá sì ti rí mi lórí ọ̀kadà báyìí, á ti pariwo, "Mon petit!" Ìyẹn ni pé ọmọ mi kékeré, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún. Mo ti bímọ méjì nígbà yẹn o. Síbẹ̀ inú mi máa ń dùn sí i.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ara mi fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í ṣe ti títí láé, pé ọdọọdún ni wọ́n ń wò ó bóyá wọ́n á tún gbà mí síbẹ̀, pé ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà ò sì lágbára. Á gbé ọwọ́ lérí, á ní, "Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́." Lẹ́yìn náà á fún mi ní iṣu sísun jẹ.

Ọjọ́ tí a lọ bo ebè rẹ̀, ó ti kó koríko jọ ṣáájú kí n tó dé. Koríko tó gbẹ dáadáa, tó mọ́, tó dì ní ìdì ìdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: koríko náà ò ní àbùkù kankan. Èmi fọwọ́ ara mi tú u wò, mo sì yìn ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko náà ni ó gbé abọ́ ńlá kan sí, eérú ló kún inú rẹ̀.

"Ìyá, eérú wo lèyí?" mo bi í.

Ó na ọwọ́ sí ògán kan tó ga ju ènìyàn lọ ní ìpẹ̀kun oko náà. "Ilé ikán nibi yìí, mon petit. Bí a bá kó koríko gbígbẹ lé gbogbo ilẹ̀ báyìí, ṣé kì í ṣe pé à ń pè wọ́n wá jẹun ni? Bàbá wọn tó ti kú máa ń bu eérú yí ẹsẹ̀ ebè ká. Mo ní kí n dà á sí i ká tó bo koríko lé e."

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ kí n ronú. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ikán jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí eérú nínú ìwé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní ọ́fíìsì pé ká má ṣe fi nǹkan kún un, ká má ṣe yọ kúrò. Kí n má tàn yín, ohun mìíràn náà wà níbẹ̀. Ó bí mi nínú díẹ̀ pé ó fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi lójú àwọn obìnrin méjì tó wá bá a ṣiṣẹ́.

"Eérú ò sí nínú ìwé, Ìyá," mo ní. "Bí ẹ bá da eérú sí i, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ ṣe é bí mo ṣe sọ."

Ó wò mí. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ìyá."

Kò dá mi lójú rárá. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì gbé abọ́ eérú rẹ̀ padà sílé lórí. Gbogbo èbù tó ní pátá ló wà nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù, torí èmi náà ni mo ní kó má ṣe pín in sí méjì, kó ri gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Òjò pẹ́. Àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọjọ́ kan péré, ó lọ. Nígbà tí mo tún padà sí oko rẹ̀, mo ti rí i láti orí ọ̀kadà. Koríko tí a tẹ́ ti di pupa, ikán ti fi yẹ̀pẹ̀ mọ ọ̀nà lé e lórí ní ibi gbogbo, ọ̀nà tín-ín-rín tín-ín-rín tó lọ tààrà sínú ebè. Ìyá ti wà níbẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ sídìí ebè kan, ó ń fọwọ́ wa ilẹ̀. Ó fa èbù kan yọ. Èèpo ló kù. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló fọ́ sí i lọ́wọ́, yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ló dà jáde níbi tó yẹ kí iṣu wà.

Ó lọ sídìí òmíràn, bákan náà. Ó tún lọ sídìí òmíràn. Mo ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ṣẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ebè méjì, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Voilà," bí ẹni ní, ó parí nìyẹn.

"Ó lè jẹ́ pé àwọn tó wà lọ́hùn-ún ṣì dáa," mo sọ fún un. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi! Dípò kí n ní, Ìyá, èmi ni mo ṣe é, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí mo fẹ́ lọ ló sọ pé kí n rọra máa gun ọ̀kadà yẹn, pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Ó tún bèèrè ọmọ mi.

Bí òjò ṣe wá dé lẹ́yìn-ò-rẹyìn, àwọn ọ̀gá wa láti Òṣogbo ní àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Oko ìsàlẹ̀ odò ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ. Iṣu ti yọ níbẹ̀, ó ti ń gun igi, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbọn ọwọ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n ti ibẹ̀ padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà di ìwé tí orúkọ gbogbo àwọn àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀ mú, ó sì ní òun fẹ́ rí ti orí òkè náà.

A dé ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ àfi koríko tí ikán ti jẹ kù. Àwọn ènìyàn abúlé ti tẹ̀ lé wa, ìyá náà sì dúró níwájú oko rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun tó fi bo orí. Ọ̀gá àgbà yíjú sí mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Mo ń wo bàtà róbà mi. Mo ń ronú nípa iṣẹ́ mi, mo ń ronú nípa ọmọ tó wà nílé. Ìyá náà rí mi. Ó mọ gbogbo ohun tí mò ń rò, ṣebí èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Kí n tó mọ̀, ó ti bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí ọ̀gá.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní. "Àìgbọ́n tèmi ni. Òun kọ́ wa dáadáa. Koríko tó wà nídìí ògán ni mo lọ kó, tó ti jẹrà, tí ikán ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mi ò ṣe é bó ṣe kọ́ wa."

Ọ̀gá àgbà tún yíjú sí mi. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kíá ni mo sọ ọ́. Bí mo ṣe yára tó ni ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ènìyàn tó fẹ́ sọ òótọ́ máa ń lọ́ra díẹ̀.

"Kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ," ọ̀gá sọ, ó sì kọjá lọ.

Ohun kan wà tí ìyá náà ò mọ̀, tí èmi mọ̀. Àwọn tí ètò bá yọrí sí rere lọ́wọ́ wọn, àtàwọn tó tẹ̀ lé ìlànà bí nǹkan wọn ò tilẹ̀ yọrí, ni wọ́n fẹ́ fún ní èbù iṣu tuntun àti táńkì tí wọ́n á fi máa gba omi òjò. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé ìlànà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin yìí rò pé òun kàn fi ọ̀rọ̀ kékeré bò mí láṣìírí ni, bí ìyá ṣe máa ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ lójú àlejò. Kò mọ̀ pé ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo jókòó sí tábìlì mi ní Ẹ̀jìgbò, mo sì kọ ọ́ ní gbangba: àgbẹ̀ yìí kò tẹ̀ lé ìlànà. Ìwé mi dára lójú. Wọ́n tún gbà mí sí iṣẹ́ fún ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n kó èbù tuntun dé, èmi ni mo dúró ti ọkọ̀ tí mò ń pe orúkọ. Ìyá náà wá, ó mú agbọ̀n lọ́wọ́. Ó dúró títí a fi pe ẹni ìkẹyìn. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀, ó wo inú agbọ̀n rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n náà lérí bó ṣe gbé e wá. Láti ọjọ́ náà lọ, kò pè mí ní mon petit mọ́. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," ló kù tó ń sọ, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́dún yẹn, igi ẹ̀gẹ́ tí ó tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò ló gún sínú oko tí ọkọ rẹ̀ ti ń kọ ebè iṣu. Irú iṣu yẹn ti tán pátápátá. Mo wá a dé ìlú Ara, mo wá a dé àwọn ọjà tó wà lọ́nà Ìwó, mo ń fi ẹnu júwe rẹ̀ bí wèrè fún àwọn tó ń ta iṣu. Wọ́n á gbé èyí, wọ́n á gbé tọ̀hún. Kì í ṣe òun. Bí mo bá tiẹ̀ rí i, kí ni mo fẹ́ wí nígbà tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Bóyá ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà sínú bẹ́ẹ̀ kú, ọ̀dájú ni mí tí mo bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń ri èbù tún dé, mo gbọ́ tí àgbẹ̀ kan ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Ó ní, "Koríko tó mọ́ ni kí o kó o. Má lọ kó koríko ìyá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tuntun náà bèèrè ìyá wo, wọ́n sì sọ ìtàn náà fún un: ìyá kan tó ti Àbìjàn dé, tó rò pé òun gbọ́n, tí wọ́n kọ́ kọ́ kọ́ tí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀kọ́ lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọdé pàápàá ń fi í bú ara wọn bí wọ́n bá rán ẹnìkan níṣẹ́ tí kò jẹ́ ẹ dáadáa. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Ara mi ò sì gbà á mọ́.

Mo lọ bá a nílé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí símẹ́ńtì. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ní kí ẹ má da eérú sí i. Èmi ni mo kọ̀wé pé ẹ ò tẹ̀ lé ìlànà. Mo mọ̀ pé wọ́n á yọ yín, mo sì kọ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì rò pé ara á tù mí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó yọ òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú síta.

"Dìde nílẹ̀," ó ní. "Èmi tí ò ń sọ ọ́ fún yìí, ṣé mi ò mọ̀ ni? Mo wà níbẹ̀. Ta ló gbé eérú padà sílé?"

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá."

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Àwọn tí ò mọ̀ ni kí o lọ sọ fún. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ tuntun lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ti dàgbà, ọmọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà wọnú sàréè."

Mo ṣèlérí fún un. Mo fi Ọlọ́run búra.

Níwájú mọ́ṣáláṣí la máa ń ṣèpàdé. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á ti jókòó dè wá kí ìrun tó parí. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìjókòó kún. Ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn, ìborùn funfun yẹn náà ló fi bo orí. Alága ẹgbẹ́, bàbá kan tí gbogbo abúlé ń bọ̀wọ̀ fún, ń ka orúkọ àwọn tí èbù máa kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Kò dárúkọ ìyá. Mo dìde.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," mo ní, "mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ìyá tó wà lẹ́yìn yẹn ò jẹ̀bi. Koríko rẹ̀ ò jẹrà. Ó fẹ́ da eérú sí ebè nítorí ikán, èmi ni mo ní kó má dà á. Èmi ni mo ba èbù rẹ̀ jẹ́."

Mo ń retí èébú. Mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Alága wò mí títí, ojú rẹ̀ rọ̀, ó mi orí.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ó ní. "Ẹ wo ọmọlúàbí! Ó ń gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, torí pé àánú àgbàlagbà ń ṣe é. Irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí."

"Bàbá, òótọ́ ni mò ń sọ o."

"A ti gbọ́, ọ̀gá, a ti gbọ́. Ọlọ́run á ṣàánú ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé irọ́ lẹ kọ ránṣẹ́ sí ìjọba ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣàwàdà ni, ó dá a lójú pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo kọ." Kí n sọ ọ́, kí n fi fáìlì hàn wọ́n, kí ó dé Òṣogbo, kí wọ́n lé mi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ gbogbo ohun tí à ń sọ sílẹ̀. Mo rí bírò tó dúró lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń dúró dè mí. Mo yíjú sẹ́yìn, mo rí ìyá. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ojú lé ẹnu mi.

Mo rẹ́rìn-ín bíi tiwọn. Mo jókòó.

Alága ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n sì pa á, ó ròkè lálá, àwọn kan ń ṣàdúrà fún èmi àti ilé mi. Nígbà tí ìpàtẹ́wọ́ náà ń rọlẹ̀, mo gbọ́ ti ẹnìkan tí kò tíì dáwọ́ dúró lẹ́yìn. Ìyá ni. Ó rọra ń pa á, láìwo ẹnikẹ́ni, títí ti àwọn yòókù fi dákẹ́.